Ẹ̀rí Tí Kò Tíì Ṣẹlẹ̀

Tí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé àánú Ọlọ́run kò lópin, mi ò ní bá a jiyàn, ṣùgbọ́n màá bi í pé ta ló ń se oúnjẹ fún àwọn tí àánú náà ń mú bọ̀ wálé. Ìbéèrè yìí kì í ṣe tèmi. Ìyá mi ló kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa, nínú ilé wa ní Cedar Hill, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, lọ́dún tí bàbá mi kó ẹrù rẹ̀ tó lọ ń gbé pẹ̀lú obìnrin kan ní Frisco. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni èmi Tọ́pẹ́ nígbà náà, àbúrò mi Tóbi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Lónìí mo ti dàgbà ju Mọ́mì ti ìgbà yẹn lọ, mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, síbẹ̀ mi ò lè rántí ọdún yẹn kí inú má bí mi díẹ̀. Gbogbo wọn ló ń bí mi nínú: Dádì tó lọ, àwọn tó ń bá a bẹ̀bẹ̀, Pásítọ̀, àti, kí Ọlọ́run má bínú, Ọlọ́run fúnra rẹ̀, tó máa ń yára dárí ji èèyàn tó bẹ́ẹ̀ tí àwa tí wọ́n ṣẹ̀ kì í tíì ráyè fọn imú wa tán.

Ilé wa kì í ṣe agboolé tó ní àgbàlá àti ojúde. Ilé Amẹ́ríkà lásán ni, oníbíríkì pupa, tí koríko iwájú rẹ̀ máa ń gbẹ nígbà tí ooru bá mú, ṣùgbọ́n ariwo inú rẹ̀ tó ti agboolé. Ilẹ̀kùn gáréèjì ló ń jí wa láàárọ̀, torí nọ́ọ̀sì òru ni Mọ́mì. Ìgbà tí ìyá àwọn ọ̀rẹ́ wa bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ni tiwa ń wọlé. Tí ilẹ̀kùn náà bá ti kùn tó sì dákẹ́, a máa gbọ́ bí ó ṣe ń bọ́ bàtà, ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ìkejì. Àárín méjèèjì máa ń pẹ́ tó bá ti rẹ̀ ẹ́ gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ ìlọta Màmá á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Màmá tí kò gbà rárá pé ata inú agolo ń jẹ́ ata. Màmá ni ìyá tó bí Dádì. Ó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wẹ Tóbi nígbà tí wọ́n bí i, ó ní oṣù díẹ̀ lòun máa lò, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé kò sí ẹni tí yóò máa mójú tó wa, ó tú àpótí rẹ̀, ó to ìró rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì di onílé. Ọwọ́ ló fi ń fọ gbogbo àwo wa. Ẹ̀rọ ìfọwo tó wà nínú ilé ìdáná, ìkòkò ló ń kó sí i. Òun náà ló kọ́ mi ní Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, nítorí tí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, ńṣe ló máa wo ibòmíràn bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló kọjá. Èmi gbà. Tóbi kò gbà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ títí dòní.

Kí Dádì tó lọ, òun ni olórí àwọn tó ń wá gbàdúrà nílé wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò sí ohun tí Dádì kò ní ẹsẹ Bíbélì fún. Tí táyà bá jò, ẹsẹ wà. Tí mo bá gba òdo nínú ìṣirò, ẹsẹ wà. Nígbà tó lọ, wọ́n gbé ìpàdé náà lọ sí ilé ẹlòmíràn, wọ́n wá kó àga ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní gáréèjì wa, wọ́n sì gbàgbé ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ni Màmá gbé sí ibi tí ọkọ̀ Dádì máa ń dúró sí tẹ́lẹ̀, níbi tí ọ́ìlì ti rin ilẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń jókòó gbàdúrà láràárọ̀, torí ohùn Màmá kì í jẹ́ kí Mọ́mì sùn tó bá gbà á nínú ilé. Àdúrà náà kò yé mi nígbà yẹn. Mo rò pé ìyá tó bá ń gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀, ire ló ń tọrọ. Màmá á ní, "Olúwa, Ìwọ tó rí Délé níbi tó wà, má jẹ́ kó sùn dáadáa. Jẹ́ kí oúnjẹ tó ń jẹ níbẹ̀ máa ṣe bákan lẹ́nu rẹ̀. Má pa á o. Má jẹ́ kí mọ́tò kọ lù ú. Ṣáà máa yọ ọ́ lẹ́nu títí yóò fi rántí ilé." Ògiri kò nípọn, gbogbo wa là ń gbọ́. Mọ́mì á fi pílò bo orí, á ké láti yàrá pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n sùn, Ọlọ́run ti gbọ́!" Màmá á dá a lóhùn pé bó bá ti gbọ́, kó ṣe é kí òun gbọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jí.

Mi ò mọ ohun tó fa ìjà láàárín Dádì àti obìnrin Frisco. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀, ìròyìn dé pé Dádì ti kó lọ sí apá Richardson, nítòsí ibi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, òun nìkan, ó sì fẹ́ padà wálé. Màmá ní àdúrà òun ló mú un lẹ́sẹ̀. Mọ́mì ní rárá, obìnrin yẹn ló ti gbọ́ ẹsẹ Bíbélì dé góńgó. Mo rẹ́rìn-ín, Mọ́mì sì wò mí, ó ní kí n lọ ṣa ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kí Dádì padà wálé. Mo fẹ́ ẹ débi pé tí ọkọ̀ bá dín eré kù níwájú ilé, màá sáré lọ síbi fèrèsé. Ṣùgbọ́n ojú Mọ́mì tó pọ́n láràárọ̀ ń bẹ níwájú mi, mo sì mọ̀, bí ọmọdé ṣe ń mọ nǹkan láìsí ẹni tó sọ fún un, pé ilẹ̀kùn ilé wa, Mọ́mì ló ni ín, òun nìkan ló sì yẹ kó ṣí i. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa ni kò mọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Níbẹ̀, oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ. Pásítọ̀ ló ń gbà á nínú àdúrà: Oṣù Àlékún, Oṣù Ìṣẹ́gun, Oṣù Ẹnu-Yà-Wọ́n. Tí oṣù bá sì ti ń parí lọ, ara Pásítọ̀ kì í balẹ̀ mọ́ àfi tó bá rí ẹni tó máa jẹ́rìí pé ohun tí oṣù náà ń jẹ́ ti ṣẹ sí òun lára. Oṣù tí à ń wí yìí, Oṣù Ìmúbọ̀sípò ni. Ẹ̀yin náà ti rí ohun tó ń bọ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan ni wọ́n wá. Sátidé nìkan ni Mọ́mì ń rí fi gbọ́ oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan: ọbẹ̀ ata, ẹ̀wà, ìrẹsì, gbogbo rẹ̀ ni à ń bù sínú abọ́ áísìkirimù tó ti ṣófo, a ó sì tò ó sínú fíríìsà. Ilé ń ta sánsán, ata ń ta wá lójú, aago ilẹ̀kùn sì dún. Pásítọ̀ ni, pẹ̀lú Bàbá Alàgbà àti ìyàwó rẹ̀. Wọn ò tíì jókòó tí àwọn ọkùnrin méjèèjì fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ìyá náà sì kúnlẹ̀ tì wọ́n. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò tíì rí ibi tí Pásítọ̀ ti dùbúlẹ̀ rí.

"Sister, a wá bẹ̀ yín ni," Bàbá Alàgbà wí fún kápẹ́ẹ̀tì. "A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Brother Délé ti realize mistake wọn."

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí."

"A ò ní dìde àfi tí ẹ bá ní ẹ ti gbọ́."

"Mo ti gbọ́ pé ẹ wá. Ẹ dìde, sà, mi ò tíì vacuum ibẹ̀ láti last week."

Wọ́n dìde. Bàbá Alàgbà gbọn ìyẹ̀pẹ̀ kúrò lára agbádá rẹ̀, ó wá kọjú sí Màmá, ó rò pé òun ti rí alátìlẹ́yìn. Ó ní, "Mama, ẹ bá wa dá sí i. Àwọn àgbà ló sọ pé tí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi tọ̀tún fà á mọ́ra."

Màmá ń bó iṣu lọ. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Ta ló ti fi ọwọ́ òsì bá a wí nínú yín?"

Nítòótọ́, kò sẹ́ni tó bá Dádì wí. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní Frisco, wọ́n ń kí i ni, wọ́n ń bá a jẹun lẹ́yìn ìsìn ní ẹ̀ka ṣọ́ọ̀ṣì wa kejì tó ń lọ nígbà náà, Mọ́mì nìkan ni wọ́n ń sọ fún pé kó máa gbàdúrà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ wá ṣí ẹnu, ó ní Bíbélì sọ pé nígbà tí ọmọ onínàákúnàá ń bọ̀ lókèèrè, bàbá rẹ̀ sáré lọ pàdé rẹ̀, kò bèèrè ohunkóhun.

"Pásítọ̀," Mọ́mì wí, "níbo ni Bọ̀dá Délé wà báyìí?"

Pásítọ̀ wo Bàbá Alàgbà. Tóbi, tó ti lẹ imú mọ́ fèrèsé, ló dáhùn. "He's in their van, Mommy. The AC is on."

Àṣà wa ni, mo mọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ kì í kọ́kọ́ yọjú. Àwọn àgbà ló máa ń lọ rọ ilẹ̀ sílẹ̀, tó bá ti rọ̀ tán, wọ́n á wá pè é wọlé. Mi ò sọ pé àṣà náà kò dára. Ó ti gba ilé púpọ̀ là. Ṣùgbọ́n títí dòní tí wọ́n bá ní kí n tẹ̀ lé wọn lọ bá tọkọtaya kan bẹ̀bẹ̀, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ẹni tó ṣẹ̀ dà. Wọn kì í pè mí mọ́.

Mọ́mì fi etí ìró nu ojú rẹ̀. "Ọmọ inú Bíbélì yẹn, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn wálé, sà. Kò rán yín. Bàbá ẹ̀ sáré lóòótọ́. Ẹni tó wá se màlúù àbọ́pa yẹn ńkọ́? Ta ló gé àlùbọ́sà? Ta ló fọ ìkòkò nígbà tí wọ́n jó tán? Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó ń preach nípa ẹni yẹn?" Ó wá yí padà sí ilé ìdáná, ó sì bu ìrẹsì àti ẹran fún wọn, torí pé wọn ò tọ́ ọ pé kó lé àlejò lọ pẹ̀lú ebi. Ó di abọ́ kan lọ́tọ̀, ó tì í sí Pásítọ̀ lọ́wọ́. "Ẹ fún ẹni tó wà nínú van. Kó má sọ pé ebi pa òun lẹ́nu ọ̀nà mi." Wọ́n jẹun, wọ́n ní ó dùn, wọ́n lọ. Èmi àti Màmá la fọ àwo náà.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Mọ́mì kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọsibítù ló ti wá gbé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní tí òun bá fẹ̀yìn kan bẹ́ẹ̀dì báyìí, ó di ọ̀la. Ó ń tòògbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí Pásítọ̀ ní ẹ̀rí ńlá kan wà tó máa fi Oṣù Ìmúbọ̀sípò gúnlẹ̀. Dádì ló jáde. Ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú, ó ti rù. Ó gba máìkì, omijé sì ti wà lójú rẹ̀ kó tó ṣí ẹnu. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, omijé náà kì í ṣe ti ẹ̀tàn. Ó ní kí gbogbo wa yin Olúwa. A yìn Ín. Ó ní, "Ọlọ́run ti mú ilé mi bọ̀ sípò! Èmi àti ìyàwó mi ti di ọ̀kan padà, àwọn ọmọ mi ti rí bàbá wọn!" Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́kún, ó bú sẹ́rìn-ín. Dùrù gbé orin, àwọn ìyá dìde, wọ́n ń ju áńkáṣífù sókè. Tóbi wò mí, ó ní, "We have?"

Ẹni tí kò bá dàgbà sínú irú ṣọ́ọ̀ṣì wa lè rò pé Dádì fẹ́ tan ènìyàn jẹ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí ìgbàgbọ́ là ń pè é. Wọ́n ti kọ́ wa pé tí èèyàn bá fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀, kó dìde dúró kó sọ pé ó ti ṣẹlẹ̀, Ọlọ́run yóò sì bá a mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ. Mo ti gbọ́ ẹ̀rí ilé tí wọn kò tíì kọ́, ẹ̀rí oyún tí kò tíì dúró, mo sì ti ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Pásítọ̀ ló gbà á níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kàn gbàgbé pé ohun tí wọ́n ń fi ìgbàgbọ́ gbà yìí, èèyàn ni, ó jókòó sórí ìlà kẹta láti ẹ̀yìn, oorun sì ń kùn ún.

Mọ́mì là ojú. Ó dìde. Gbogbo àwọn tó wà lọ́nà yẹra fún un pẹ̀lú ẹ̀rín, àwọn kan ń fọwọ́ kàn án léjìká, wọ́n rò pé ó ń lọ dì mọ́ ọkọ rẹ̀. Dádì náà rò bẹ́ẹ̀, ó ti na apá. Mọ́mì gba máìkì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ yin Olúwa," ó wí. Wọ́n ké halelúyà tí òrùlé fi mì. Ó ní, "Ẹ̀rí tí ẹ gbọ́ yẹn, kò tíì ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, èmi fúnra mi á wá jẹ́ ẹ. Ẹ ṣeun." Ó dá máìkì padà, ó wá mú báàgì rẹ̀, ó fà wá lọ́wọ́. Ẹni tó ń tẹ dùrù kò mọ ohun tó máa tẹ̀ mọ́. Bí a ṣe ń jáde, mo bojú wẹ̀yìn. Dádì ṣì dúró síbẹ̀, apá rẹ̀ kò tíì wálẹ̀ tán.

A wọ ọkọ̀, a bọ́ sójú títì ńlá. Tóbi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mommy, is God mad at us?" Mọ́mì ní òun kò mọ̀, kó jẹ́ kí òun wakọ̀. Màmá jókòó síwájú, ó gbé Bíbélì lé itan, mo sì ń dúró de ìgbà tí yóò bú sẹ́kún nítorí ìtìjú tó bá ọmọ rẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, Ìyá Tọ́pẹ́." Mọ́mì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya kúrò lójú ọ̀nà. "Ọmọ mi ń pa irọ́ nínú ilé Ọlọ́run, kò sì mọ̀. Ìwọ lo gbà á sílẹ̀."

Fóònù kò jẹ́ ká gbádùn lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo Dallas ló pè. Wọ́n ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Wọ́n ní ṣé Mọ́mì fẹ́ di opó ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ní ẹni tí kì í dárí jini, Ọlọ́run kì í gbọ́ tirẹ̀. Ohun tó ń mú Mọ́mì bínú jù ni pé ó gba ohun tí wọ́n ń wí gbọ́. Kì í ṣe aláìgbàgbọ́. Òun ló máa ń di ọwọ́ àwọn aláìsàn mú tí wọ́n bá ń kú lọ lọ́wọ́ òru, tó ń sọ fún wọn pé Jésù kò jìnnà. Ó mọ̀ pé àánú wà, òun gan-an ti rí i gbà. Ẹ̀rù ń bà á pé bóyá òun ni ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ Ọlọ́run síta. Mo mọ èyí nítorí ó sọ ọ́ níṣojú mi, bí àwa mẹ́ta ṣe ń bó èèpo ẹ̀wà fún àkàrà, èmi, òun àti Màmá, ọwọ́ gbogbo wa nínú bàsíà kan náà.

"Màmá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ fẹ́ kí n gbà á padà?"

"Ṣé o tún ń bèèrè? Èmi ni mo bí i. Mo fẹ́ ẹ ju kí n rí oúnjẹ jẹ lọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò fi bẹ̀ mí rí? Gbogbo ayé ti bẹ̀ mí tán."

Màmá da omi èèpo nù, ó bu òmíràn. "Tí èmi bá bẹ̀ ọ́, wàá gbà, torí pé o kò lè kọ̀ fún mi. Èmi ni mo máa ti gbà á sílé nìyẹn, kì í ṣe ìwọ. Wàá wá máa fi ojú burúkú wò mí títí n ó fi kú. Ọlọ́run ni mò ń bẹ̀. Òun ló lè wọ inú rẹ lọ láìfọ́ ilẹ̀kùn." Omi ń kán láti imú Mọ́mì sínú ẹ̀wà, ó ní àlùbọ́sà ni, bẹ́ẹ̀ a ò tíì gé àlùbọ́sà.

Wọ́n ti wọlé sílé ẹ̀kọ́ padà nígbà tí ojú mi pọ́n, tó ń ṣe ipin, èyí tí Màmá ń pè ní àpólò. Ilé ẹ̀kọ́ ní n kò gbọ́dọ̀ wá kí n má baà kó o ran àwọn yòókù. Ìdí nìyí tí mo fi wà nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà tí aago ilẹ̀kùn dún. Mọ́mì ti sùn lọ. Màmá gbé ojú lé ihò ara ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ ta ni?"

"Délé ni. Ẹ káàárọ̀, mà."

"Àwọn wo lo kó wá lónìí?"

"Èmi nìkan ni."

Màmá tún wò ó, ó wo apá òsì, ó wo apá ọ̀tún. "Ìyàwó rẹ ń sùn. Ibi iṣẹ́ òru ló ti dé."

"Ẹ ṣílẹ̀kùn, mà, kí n jókòó sí parlor dè é."

"Ilé rẹ̀ ni. Kò ní kí n ṣí i."

"Màmá, ọmọ yín ni mí o."

"Mo mọ̀. Ara mi lo ti jáde."

Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí kọ́kọ́rọ́. Mo rí i. Ó gbé iwájú orí lé ilẹ̀kùn, ó di ojú. Obìnrin yìí ti jókòó sórí àga nínú gáréèjì láràárọ̀ fún odindi ọdún kan, ó ń bẹ Ọlọ́run kó mú ọmọ òun wá sí ibi tó wà yìí gan-an, àfi pátákó nìkan ló wà láàárín wọn, kò sì ṣí i. Mo ní kí n lọ jí Mọ́mì. Ó ní, "Jẹ́ kó sùn. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ, jẹ́ kó mọ̀ ọ́n dúró." Ṣùgbọ́n ooru Texas kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tó fi bu omi tútù sí kọ́ọ̀pù, ó mú agbòòrùn rẹ̀ fún mi, ó ní kí n gba ẹ̀yìnkùlé yípo lọ fún un, kí n má sì bá a sọ̀rọ̀ jù.

Dádì jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó gba omi, kò mu ún. Ó ní, "Tọ́pẹ́, kí ló ṣe ojú ẹ?" Mo ní àpólò ni, kó má fọwọ́ kàn mí, yóò ràn án. Ó fọwọ́ kàn mí. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ nu ipin náà kúrò, lójú kan, lójú kejì, bí ó ṣe máa ń ṣe kó tó lọ. Inú bí mi, mo sì ń sunkún, mi ò sì lọ.

Ọ̀sán ti pọ́n kí Mọ́mì tó jí. A gbọ́ ohùn Màmá nínú ilé: "Ẹnìkan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti pẹ́." Ilẹ̀kùn ṣí. Mọ́mì ló dúró, ìró láyà, fìlà oorun lórí. Dádì dìde, ó wò ó, ó sì nà gbalaja sórí kọnkéré gbígbóná. Ọkọ kì í dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó nílẹ̀ wa. Mo gbọ́ tí Màmá fa èémí nínú ilé.

"Fúnkẹ́, mo fi ẹ́ sílẹ̀ lọ bá obìnrin mìíràn. Mo parọ́ fún ẹ, mo tún wá parọ́ mọ́ ẹ níwájú ìjọ. Mo ti sọ fún Pásítọ̀ pé màá jáde lọ́jọ́ Sunday láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán mi wá. Mi ò ní ẹsẹ Bíbélì kankan."

"Dìde. Kọnkéré yẹn á bó ẹ lára."

Ó dìde. Apá rẹ̀ ti pọ́n. Mọ́mì gbé ara lé òpó ilẹ̀kùn bí ẹni tí oorun kò tíì dá lójú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ láìgbé ohùn sókè.

"Gbọ́, Délé. Ọlọ́run ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Mo mọ̀ Ọ́n, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Èmi ṣì wà lọ́nà, mò ń bọ̀. Ẹsẹ̀ mi ò yá tó tiẹ̀, ó sì rẹ̀ mí. Má tì mí."

"Mi ò ní tì ẹ́."

"Bọ́ọ̀sì máa já Tóbi sílẹ̀ ní corner lónìí. Ìwọ lọ pàdé ẹ̀. Tí ẹ bá dé, ìrẹsì wà nínú fridge. Èmi ń padà lọ sùn." Ó yí padà, kò ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ó lọ. Màmá ló ké láti inú ilé pé kí ẹni tó máa wọlé wọlé, kí ẹni tó máa jáde jáde, afẹ́fẹ́ tútù ń lọ sígboro.

Dádì kò wọlé. Bọ́ọ̀sì kò tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílé ẹ̀kọ́, ó mọ̀, síbẹ̀ ó lọ dúró ní ìkóríta náà níbi tí kò sí igi kankan. Èmi àti agbòòrùn tẹ̀ lé e. A dúró, a dúró, òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú tó ń ta mí, kò sì sọ nǹkankan, òun tó máa ń ní ọ̀rọ̀ fún ohun gbogbo. Nígbà tí bọ́ọ̀sì aláwọ̀ òféfèé náà yọ, ó bọ́ síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ fi fọn fèrè mọ́ ọn. Tóbi sọ̀ kalẹ̀. Ó rí i. Kò sáré, kò dì mọ́ ọn. Ó bọ́ báàgì rẹ̀ kúrò léjìká, ó nà án sí i, bí ẹni tí apá ti ń ro tipẹ́.

"You took too long," ó wí.

Dádì gba báàgì náà. Ó ní, "Mo mọ̀."